Ta Ni Yóò Ka Ìwé Yìí Fún Mi?

Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ àgbàdo ni wọ́n gbé lọ,
lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, níṣojú àwọn oníbàárà mi.
Igbá ṣì tò sílẹ̀ lórí ìlà,
ìyẹ̀fun ṣì gbóná lẹ́nu rẹ̀.
Ọdúnlámì ní òun ti rà á.
Mo ní, "Rà á kẹ̀? Mo fi dógò ni!"
Ó na ìwé kan sí mi lójú.
Àtàǹpàkò mi ni lóòótọ́, dúdú bí ẹ̀pà tó jóná,
nísàlẹ̀ ọ̀wọ́ èèrà Faransé tí n kò lè kà.

Wọ́n ní kí n wá agbẹjọ́rò.
Ní Kétu níbí, mo mọ ẹni tó ń to eegun,
mo mọ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ̀nà.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yá ènìyàn lẹ́nu,
èló ni wọ́n ń ta òṣùwọ̀n tirẹ̀?

Mo lọ sí Pobẹ̀.
Inú ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹni àkọ́kọ́ wà,
òtútù fẹ́ẹ̀ mú ẹjọ́ kúrò lórí mi.
Kò wo ìwé. Bàtà mi ló wò.
"Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sẹ́fà, kí a tó ṣí fáìlì."
Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ṣírò rẹ̀:
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin igbá àgbàdo, ní àádọ́ta-àádọ́ta,
pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò sí nílé.

Ẹnìkejì bá mi lábẹ́ igi ọgbà kóòtù,
kóòtù ọrùn tirẹ̀ náà ti ṣí.
Ó ní òun mọ adájọ́, òun mọ akọ̀wé,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni.
Mo kà á sí i lọ́wọ́.
Ó ní kí n dúró, òun ń lọ mu omi.
Kànga yẹn jìn o. Kò tíì dé.
Ọ̀pọ̀ kan wà tó wọ́n ju ọ̀wọ́n lọ.

Báàṣílì ọmọ mi ló gbọ́ nípa ọmọbìnrin kan ní Àjàṣẹ́,
lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà,
Mẹ́tìrì Kọlẹ́tì Adéọṣun.
Àga méjì, fáànù tí apá rẹ̀ kan ti kán.
"Ẹ jókòó, ìyá. Ẹ jẹ́ n rí ìwé yẹn."
Ó kà á fún mi ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn,
bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.
Ó dúró. Ó rẹ́rìn-ín.
"Ìyá, ìwé yìí ní ọkùnrin ni yín.
'Ọ̀gbẹ́ni' ló kọ síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin."
Èmi tí mo bímọ márùn-ún!

Mo wá bèèrè iye owó,
ọkàn mi ti ń sá jáde ṣáájú mi.
Ó ní, "Lẹ́tà la ó kọ́kọ́ kọ.
Lẹ́tà lówó tirẹ̀, ẹjọ́ lówó tirẹ̀.
Bí lẹ́tà bá tó, ẹ ò ní san ti ẹjọ́."
Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ gàdàgbà. Nọ́ńbà ni mo mọ̀ kà:
ọ̀kẹ́ kan àti ààbọ̀.
Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì lóṣooṣù ni agbára mi.
Ó ní kò burú, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́tà ti lọ láti oṣù Agẹmọ.
Ọdúnlámì kò tíì fèsì.
Mo ti san ẹ̀ẹ̀mẹta, awakọ̀ Àjàṣẹ́ ní ń bá mi mú un lọ,
òun náà ní ń gbé ìwé ẹ̀rí bọ̀.
Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti ìhà ilé rẹ̀ lálẹ́,
mo ń gbọ́ ẹ̀rọ mi níbi tó ti ń lọ àgbàdo ẹlòmíràn,
ó ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbéra, bó ti máa ń ṣe.
Bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ já.
N kò sọ fún un.